Aago Tí Kò Lórúkọ

"Kí lorúkọ aago tó sọnù?"

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà bi wọ́n nìyẹn, kò tíì jókòó. Àwọn mẹ́ta tó wà nínú yàrá wo ara wọn lójú. Ọ̀gá Àgbà wo Enjiníà, Enjiníà wo Màmá Oníkọ́kọ́rọ́, Màmá Oníkọ́kọ́rọ́ sì wo ilẹ̀, nítorí láti aago mẹ́jọ àárọ̀ tí wọ́n ti ń pè é ní olè, kò sẹ́ni tó tíì sọ ohun tó jí fún un.

"Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń ka aago ò sọ orúkọ," Ọ̀gá Àgbà dáhùn. "Iye ló sọ. Ó ní igba ó lé mẹ́rìnlá. A fọwọ́ kà á, igba ó lé mẹ́tàlá la bá. Ọ̀kan ti rìn."

"Ọ̀kan ti rìn, kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tó rìn."

Ó fa àga kan, ó fọwọ́ nù ún, ó jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń gbé ẹyin kalẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é ní àgọ́ ọlọ́pàá. Yẹ̀yẹ́ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi orúkọ náà ṣe, àmọ́ ó pẹ́ tí àwọn ọ̀daràn ti dẹ́kun àtimáa fi rẹ́rìn-ín.

Yàrá náà kò ní fèrèsé. Ilé àkójọ aago àtijọ́ ni ilé ọ̀hún, ibí yìí sì ni ìsàlẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀, níbi tí wọ́n ń tọ́jú àwọn aago tí wọn kò tíì gbé síta fún aráyé wò. Kọ́bọ́ọ̀dù irin kan ló wà níbẹ̀, ó ní dúrọ́ọ̀ mẹ́fà, Màmá sì ni olùpamọ́ tó ni kọ́kọ́rọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Gbogbo aago inú rẹ̀ ti kú, kálukú dúró sórí wákàtí tó wù ú. Òfin ilé náà ni pé kí ẹnikẹ́ni má wọ aago tirẹ̀ wọbẹ̀, kó má baà dà pọ̀ mọ́ ti ilé. Fóònù sì ń bẹ lọ́wọ́ gáàdì lẹ́nu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn mẹ́rin ṣe há sáàárín igba aago, tí kò sì sẹ́ni tó mọ aago tó lù.

Ọ̀gá Àgbà dìde, ó gbá ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta.

"Gáàdì! Aago mélòó ló lù?"

"Méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú, sà," ohùn kan dáhùn láti ìta.

"Ṣílẹ̀kùn. Mo fẹ́ lọ gbọ́ fóònù kan."

"Ṣé iye ti dọ́gba, sà?"

"Mo ní kó o ṣílẹ̀kùn!"

"Ìwé tẹ́ ẹ fún mi wà lọ́wọ́ mi, sà." Gáàdì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí ọmọ iléèwé tó mọ̀wé. "'Lọ́jọ́ tí a bá ka aago, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde títí iye ẹ̀rọ àti iye ọwọ́ yóò fi dọ́gba, tí olùpamọ́ yóò sì fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá jáde ṣáájú, ọkọ̀ ọlọ́pàá ni yóò wọ̀.'"

"Èmi ni mo kọ ọ́!"

"Mo rí i, sà. Ẹ fọwọ́ sí i dáadáa. Ìfọwọ́sí yín gba ìdajì ojú ewé."

Ọ̀gá Àgbà padà wá jókòó. Ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, bí ẹni pé kọ́là ló dá gbogbo wàhálà náà sílẹ̀. "Aago méjì ni ọkọ̀ ọlọ́pàá ń bọ̀," ló wí fún Jẹ́jẹ́. "Bẹ́ ẹ bá ti fi Màmá sínú rẹ̀, àwa tó kù á ráyè mí."

Màmá Oníkọ́kọ́rọ́ gbọ́ ọ. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi ń sọ̀ kalẹ̀ wá sínú yàrá yìí láràárọ̀, kò sì ronú rí pé ó kéré. Àmọ́ lónìí ògiri rẹ̀ ń sún mọ́ra. Ọkọ̀ ọlọ́pàá kọ́ ló ń dùn ún jù. Enjiníà tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tó kọ ẹ̀rọ tó ń pè é lólè yìí, ọkọ ọmọ rẹ̀ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló bá a tọrọ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Ọ̀gá Àgbà. Bí ẹ̀rọ bá sọ òótọ́, òun ni olè. Bí ẹ̀rọ bá purọ́, oúnjẹ bọ́ lẹ́nu ọmọ òun. Ọ̀nà méjèèjì ló dí.

"Màmá," ni Jẹ́jẹ́ pè é, "ẹ bá mi sọ̀rọ̀ díẹ̀. Báwo lẹ ṣe máa ń gba aago wọlé?"

"Bí wọ́n bá mú un dé, mo máa kọ ọ́ sínú ìwé mi. Mo máa tẹ orúkọ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ á wá sọ dúrọ́ọ̀ àti ihò tí mo máa fi sí."

"Ìwé yín ńkọ́, kí ló sọ?"

"Nígbà tá a kà á kẹ́yìn, kí ẹ̀rọ tó dé, igba ó dín mẹ́rin ni. Látìgbà náà, mo ti gba mẹ́tàdínlógún wọlé."

Jẹ́jẹ́ fi ìka ṣírò lórí itan rẹ̀. "Igba ó lé mẹ́tàlá. Ìwé yín àti ọwọ́ bára mu."

"Ẹ má dá ìwé yẹn lóhùn!" Ọ̀gá Àgbà já ọ̀rọ̀ gbà. "Òun ló kọ ọ́, òun ló ń pa á mọ́. Ó gba méjìdínlógún, ó kọ mẹ́tàdínlógún. Ọgbọ́n wo ló tún kù níbẹ̀? Ènìyàn lè parọ́, ẹ̀rọ ò lè parọ́."

"Òótọ́ ni," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Ẹ̀rọ ò lè parọ́. Àmọ́ ó lè ṣi ìbéèrè gbọ́, bíi tèmi." Ó yíjú sí ìdí kọ̀ǹpútà. "Enjiníà, ẹ ṣàlàyé ẹ̀rọ yìí fún mi bí ẹni tó ń ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ àgbà."

Ojú Enjiníà là. Ó ti ń retí ìbéèrè yìí láti ọjọ́ tó ti gba ìwé ẹ̀rí. "Ẹ ṣé, sà. JavaScript, èdè kọ̀ǹpútà kan, ni mo fi kọ ọ́. Mo ya kọ́bọ́ọ̀dù kan sínú ẹ̀rọ, ó rí gẹ́gẹ́ bíi ti irin yìí. Dúrọ́ọ̀ mẹ́fà ló ní, kálukú pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀. Nínú dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn aago tò sórí ìlà, látorí nọ́ńbà òdo lọ. Bí mo bá fẹ́ mọ iye gbogbo wọn, màá ní kí ẹ̀rọ ṣí dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó wo gígùn ìlà inú rẹ̀, kó wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìlà kan péré ni kóòdù rẹ̀, sà. Àwọn mìíràn á kọ ogún ìlà."

"Kò ṣàṣìṣe rí?"

Màmá ló dá a lóhùn. "Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé e dé, ó ní aago mẹ́fà péré la ní. Mo fẹ́ẹ̀ dákú."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́ o! Ìyẹn ti kọjá. Dúrọ́ọ̀ ló kà lọ́jọ́ náà, kò ṣí wọn wò. Mo ti tún un ṣe."

"Ó ka àpótí, kò ka ẹrù," ni Jẹ́jẹ́ wí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dáa. Ẹ jẹ́ kó pe iye dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Màmá, bó bá ti ń pè é, ẹ máa fọwọ́ kà á lójú mi."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Dúrọ́ọ̀ kìíní, ogójì lẹ́nu ẹ̀rọ, ogójì lọ́wọ́. Ìkejì àti ìkẹta náà bára mu. Nígbà tí wọ́n dé ìkẹrin, níbi tí aago àpò wà, ẹ̀rọ ní méjìdínlógójì. Màmá kà á lẹ́ẹ̀kan, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Mẹ́tàdínlógójì ni. Ìkarùn-ún àti ìkẹfà kò ní wàhálà.

Ọ̀gá Àgbà fo dìde, ojú rẹ̀ ń dán. "Ẹ dúró! Mo ti mọ̀ ọ́n! Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó sọ lẹ́ẹ̀kan? Látorí òdo! Ẹ̀rọ ń ka òdo mọ́ aago. Ìyẹn ló fi fi ọ̀kan lé e!" Ó yí ká wọn, ó ń dúró de àtẹ́wọ́.

Ọkàn Màmá fúyẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀, ó rí ojú ọ̀nà. Jẹ́jẹ́ wá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dí i padà.

"Ọgbọ́n gidi ni, sà. Ṣùgbọ́n dúrọ́ọ̀ mẹ́fà ló bẹ̀rẹ̀ látorí òdo. Bó bá jẹ́ òdo ló lé e, mẹ́fà ni ì bá fi lé, kì í ṣe ọ̀kan."

Ọ̀gá Àgbà jókòó. Kọ́là tún jìyà.

"Gáàdì, aago mélòó?" ló tún kígbe.

"Ọ̀kan kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, sà."

Ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn lókè wọn bí eṣinṣin tó há sínú ìgò. Màmá wo ilẹ̀kùn, ó ṣírò ìṣẹ́jú tó kù, ó ronú sí aládùúgbò tó máa kọ́kọ́ rí i nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá, èyí tó máa ń kí i láràárọ̀ pé "ẹ kú iṣẹ́, alákòóso wa." Ó fa ìborùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Enjiníà," ni Jẹ́jẹ́ wí, "ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ pe orúkọ àwọn tó wà ní dúrọ́ọ̀ kẹrin. Kó má pe iye, orúkọ ni mo fẹ́. Màmá á máa fi ìka kan èyí tó bá pè."

Enjiníà tẹ bọ́tìnì, orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ó ń pè é, Màmá ń fìka kàn án: onídẹ tí ẹ̀yìn rẹ̀ sán, ti awakọ̀ ojú irin, onífàdákà tí kò ní ọwọ́ gígùn. Kò sí èyí tí wọ́n pè tí kò jẹ́ni. Orúkọ parí, ìka Màmá sì kan aago ìkẹyìn.

"Orúkọ mélòó lẹ pè?"

Enjiníà kà á lójú kọ̀ǹpútà. Ó tún un kà. "Mẹ́tàdínlógójì," ni ó wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ẹ̀rọ kan náà?"

"Ẹ̀rọ kan náà, sà."

"Bó bá ń ka iye, méjìdínlógójì. Bó bá ń pe orúkọ, mẹ́tàdínlógójì." Jẹ́jẹ́ dìde, èyí tó gba àkókò. "Ọ̀gá Àgbà, ẹ ní ẹ̀rọ ò lè parọ́. Èwo ni ká gbà gbọ́ nínú méjèèjì?"

"Olè náà ti pa orúkọ rẹ́ ni!" Ọ̀gá Àgbà kígbe. "Ó jí aago, ó pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ẹni méjì péré ló sì ní ọ̀rọ̀ ìwọlé ẹ̀rọ, Enjiníà àti Màmá. Enjiníà kò ní kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀. Ta ló wá kù?"

Gbogbo ojú yí sí i. Màmá gbé ojú sókè, ó wo ọkọ ọmọ rẹ̀. Enjiníà ń wo pátákó ìtẹ̀wé bí ẹni tí kò rí i rí. Kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀? Kó tiẹ̀ ní "Màámi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀," ká gbọ́ ọ.

"Nǹkan kan ni mo fẹ́ sí i," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Ẹ pè é ní nọ́ńbà nọ́ńbà. Ẹ bi í pé ta ló wà lórí òdo, ta ló wà lórí ọ̀kan. Ẹ má fo ìkankan."

Ó pè é. Òdo jẹ́ni, ọ̀kan jẹ́ni, mẹ́wàá jẹ́ni, ogún jẹ́ni. Nígbà tó pe méjìlélógún, ẹ̀rọ kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sójú, Enjiníà kò sì kà á síta.

"Kí ló wí?"

"Ó ní… kò sí nǹkan níbẹ̀, sà."

"Mẹ́tàlélógún ńkọ́?"

"Ènìyàn wà níbẹ̀. Aago, mo fẹ́ wí. Títí dé ìparí."

Jẹ́jẹ́ tẹ̀ síwájú dúrọ́ọ̀ kẹrin. Aṣọ fẹ́lífẹ́ẹ̀tì pupa ni wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀, ihò aago kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí Màmá fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Ihò méjìlélógún ṣófo, láàárín àwọn tó kún.

"Màmá, ihò yìí ńkọ́?"

"Ẹ̀rọ ò fún mi ní aago kankan fún un. Lẹ́yìn mọ́kànlélógún, ó ní kí n bọ́ sí mẹ́tàlélógún. Mo rò pé ó ní ìdí tó fi fò ó. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀wé jù mí lọ."

"Enjiníà," ohùn Jẹ́jẹ́ kò yí padà, "bí ènìyàn mẹ́wàá bá jókòó lórí ìlà, tí ẹni tó wà láàárín bá dìde lọ, ẹ̀rọ yín á ka mélòó?"

Òógùn ti bo iwájú orí Enjiníà nínú òtútù yẹn. "Ó yẹ kí àwọn tó kù sún mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ṣe é. Àmọ́ Màámi bínú sí mi. Wọ́n ní bí mo bá yọ ọ̀kan, gbogbo nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ á yí, ìwé nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ihò á wá di irọ́. Ni mo bá yí i padà. Mo ní kó pa aago rẹ́, kó fi ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀."

"Ó sì ń ka kí ni?"

"Gígùn ìlà ni, sà." Ó tọ́ka sí kóòdù náà. "Nọ́ńbà tó kẹ́yìn, kó fi ọ̀kan lé e. Kò wò bóyá ẹnì kan jókòó. Ìjókòó ló ń kà."

"Ó mọ̀ ọ́n kà gan-an. Ìlà kan péré," ni Jẹ́jẹ́ wí.

Ara Màmá kò tíì tù. Bó ti wù kó rí, ẹnì kan ti jókòó níbẹ̀ rí, ó sì ti dìde. Ọ̀gá Àgbà náà rí i. "Ó dáa, ó dáa. Ó ka ìjókòó. Ta ló wá dìde níbẹ̀? Aago kan wà lórí méjìlélógún, Màmá sì gbé e lọ!"

"Ẹ wá fọwọ́ kan ibí yìí, sà." Jẹ́jẹ́ fi ìka ra ihò mọ́kànlélógún lẹ́yìn tó gbé aago inú rẹ̀ kúrò. Irun fẹ́lífẹ́ẹ̀tì náà ti sùn pẹrẹsẹ, àmì aago yí po sí i lára. Ó wá ra méjìlélógún. Irun rẹ̀ dúró ṣanṣan, ó mọ́ bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. "Kò sí aago tó jókòó síbí rí. Inú ẹ̀rọ ló wọ̀, inú ẹ̀rọ náà ló ti jáde. Màmá kì í tẹ orúkọ kó tó rí aago. Ìyẹn ni pé ẹlòmíràn ló tẹ̀ ẹ́, ẹni tí kò ní láti kọ sínú ìwé ẹnikẹ́ni. Enjiníà, ọ̀rọ̀ ìwọlé méjì ni wọ́n ní ó wà. Mélòó ló wà?"

Enjiníà yíjú wo Ọ̀gá Àgbà.

"Enjiníà," Ọ̀gá Àgbà pè é, jẹ́jẹ́, "rántí pé ìwé iṣẹ́ rẹ ọdún tó ń bọ̀ ṣì wà lórí tábìlì mi."

Màmá rí ọkọ ọmọ rẹ̀ tó ń wo ilẹ̀kùn tó tì, tó ń wo ògiri, bí ẹni tó ń wá fèrèsé. Ó mọ ojú yẹn. Ojú tí òun náà ti wọ̀ láti àárọ̀ ni. Enjiníà kúrò lórí àga, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mẹ́ta ni. Ọ̀gá Àgbà ní àwọn ò lè jẹ́ ọ̀gá kí àwọn má ní ọ̀rọ̀ ìwọlé tó ga ju ti gbogbo ènìyàn lọ. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sọ. Mo rò pé ẹ̀rọ mi ò lè ṣìnà, mo wá ń rò pé… mo wá fẹ́ẹ̀ gbà gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ jí i."

Màmá fọwọ́ lé e lórí, ó mú un kúrò, ó yíjú sí Ọ̀gá Àgbà.

Ọ̀gá Àgbà ṣàlàyé bí ẹni tó ń ka ìwé ìkéde. Aago bàbá àgbà rẹ̀ ni. Ó ti sọ fún àwọn àlejò pàtàkì kan pé ó máa wọ inú àkójọ, ó sì tẹ orúkọ rẹ̀ wọlé lójú wọn kó tó gbé e dé. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹni tó mọ iyì aago yẹ̀ ẹ́ wò. Kò ju ọdún mẹ́jọ lọ. Ilé iṣẹ́ ló ń tẹ irú rẹ̀ jáde lọ́gọ́ọ̀rọ̀ọ̀rún. "Mo wá pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Mo rò pé ó tán síbẹ̀. Nígbà tí iye kò dọ́gba, mo rò pé òmíràn ni, lótìítọ́. N kò mọ̀ pé tèmi ni."

"Bẹ́ ẹ bá ti sọ ọ́ láàárọ̀, à bá ti lọ jẹun," ni Jẹ́jẹ́ wí.

Enjiníà ti padà sídìí kọ̀ǹpútà. Ó yí ìlà kóòdù náà padà kí ẹ̀rọ máa ka kìkì ìjókòó tí aago bá wà lórí rẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnì. Igba ó lé mẹ́tàlá. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí ìyá ìyàwó rẹ̀ kó lè rí i, kò sì sọ nǹkan kan nípa iye ìlà tó kọ.

"Ó tán!" Ọ̀gá Àgbà gbá ọwọ́. "Màmá, ẹ fọwọ́ sí ìwé ká máa lọ. Ọ̀rọ̀ aago yẹn, ẹ jẹ́ kó dúró sínú yàrá yìí. Ẹ ṣé."

Màmá Oníkọ́kọ́rọ́ mú bírò. Ó jókòó sórí àga tó sún mọ́ ilẹ̀kùn jù lọ. Ó gbé ìwé ìkàye lé orúnkún, kò sì kọ nǹkan kan sínú rẹ̀.

"Màmá?"

"Kò kán mi lójú. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti wà níbí." Ó na bírò sí i. "Ẹ kọ ọ́ kí èmi tó fọwọ́ sí i. Ẹ kọ pé mẹ́tàdínlógún ni mo gbà wọlé, mẹ́tàdínlógún ni mo kọ. Ẹ kọ ìdí tí ìjókòó méjìlélógún fi ṣófo."

"Ìgbìmọ̀ ló ń ka ìwé yẹn!"

"Wọn ì bá ka orúkọ mi níbẹ̀ náà."

Ọ̀gá Àgbà sáré gbá ilẹ̀kùn. "Gáàdì! Iye ti dọ́gba! Ṣí i!"

"Ṣé olùpamọ́ ti fọwọ́ sí i, sà?"

Jẹ́jẹ́ wo àjà. Ọ̀gá Àgbà fi ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó padà, ó gba bírò. Ó kọ ọ́. Màmá kà á síta, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, pẹ̀lú ohùn tó dé ọ̀dọ̀ gáàdì, ó sì dá a padà.

"Ẹ ò kọ ọjọ́ orí aago náà."

Ó kọ ọ́. Ìfọwọ́sí rẹ̀ kéré lọ́tẹ̀ yìí. Màmá fọwọ́ sí tirẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó dìde, ó ti dúrọ́ọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́kọ̀ọ̀kan láìkánjú, kó tó wá ti ìwé gba abẹ́ ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀kùn ṣí. Aago méjì ti lù, ọlọ́pàá méjì sì dúró lẹ́yìn gáàdì, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ ọ̀kan.

"Ẹ káàsán, Màmá. Wọ́n ní a wá mú olè kan. Òun dà?"

Màmá tún ìborùn rẹ̀ wé sókè, ó kọjá láàárín wọn.

"Ó wà ní dúrọ́ọ̀ kẹrin, ìjókòó méjìlélógún. Ẹ wọlé lọ mú un. Àmọ́ ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ gáàdì kẹ́ ẹ tó jáde."